Máàpù inú fóònù: àwọn ìbéèrè tí wọn ò yé bi mí

Iṣẹ́ máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe jẹun. Bí mo bá ti sọ ọ́ báyìí láàárín èèyàn, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi yọ fóònù lápò, á nà án sí mi lójú, á ní, "Ó dáa, kí ló fà á tí èyí fi ń ṣe báyìí?" Mo wá ní kí n kó àwọn ìbéèrè náà jọ sójú kan, kí n lè máa nawọ́ síbí dípò kí n máa tún un rò láràárọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ẹ má bínú sí ìyókù.

Nígbà tí mo bá ṣí máàpù, kí ni fóònù mi ń ṣe gan-an?

Ó ń to àwòrán ni. Kò síbi tí wọ́n tẹ́ máàpù ràgàjì kan sí tí fóònù yín wá ń yọjú wò ó. Wọ́n ti gé gbogbo ayé sí àwòrán pélébé-pélébé, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì (ìyẹn àwọn ojúàmì wẹ́wẹ́ tí àwòrán fi ń hàn) 256 níbùú, 256 lóòró. Táìlì là ń pè é, nítorí bí birikílà ṣe ń to táìlì sílẹ̀ yàrá ni kọ̀ǹpútà ṣe ń tò ó.

Bí ẹ bá jìnnà pátápátá, ìyẹn ní zoom 0, táìlì ẹyọ kan ṣoṣo gba gbogbo ayé. Ẹ sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ kan á di 4. Ẹ tún sún mọ́ ọn, 4 á di 16, 16 á di 64. Ó dà bíi pé kò pọ̀, àmọ́ nígbà tí ẹ bá fi máa dé zoom 18, níbi tí òrùlé kọ̀ọ̀kan ti ń hàn, táìlì tó máa bo ayé tán ti lé ní bílíọ̀nù 68. Fóònù yín ò dán ìyẹn wò. Bíi 20 péré ló máa bèèrè, èyí tó kan ibi tí ẹ ń wò, á wá fi díẹ̀ kún un létí létí, torí ó mọ̀ pé ìka yín ò ní gbé jẹ́ẹ́.

Àdírẹ́sì táìlì kọ̀ọ̀kan ò ju nọ́ńbà mẹ́ta lọ: bí ẹ ṣe sún mọ́ ọn tó, òpó tó wà, ìlà tó wà. Ohun tó wú mi lórí nìyẹn. Kò sí idán kankan ńbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó wà lódìkejì ò tiẹ̀ ronú. Wọ́n ti kun àwọn táìlì náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn ń nawọ́ mú èyí tí wọ́n bèèrè ni.

Ẹ lè fojú ara yín rí i lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń wọ́lẹ̀. Ojú fóònù á kọ́kọ́ rí eérú-eérú. Igun òkè lọ́wọ́ òsì á yọ, àárín á tẹ̀lé e. Ọ̀nà kan á ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, á já lójijì bí okùn tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, torí pé táìlì tó kàn ò tíì dé. Orúkọ àdúgbò kan á dúró ní ààbọ̀. Tó bá yá, ààbọ̀ kejì á wọlé, ọ̀nà á so.

Ṣé bó ṣe ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. Máàpù ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1993, nígbà tí ilé ìwádìí Xerox PARC gbé ọ̀kan jáde. MapQuest tẹ̀lé e ní 1996. Ẹni tó bá lo àwọn yẹn á rántí ìyà tó wà ńbẹ̀. Ẹ fẹ́ wo apá ọ̀tún díẹ̀: ẹ máa tẹ ọfà kan, gbogbo ojú ìwé á pòórá, ẹ máa jókòó tì í, òmíràn á wá dé. Ẹ ti kọjá ibi tí ẹ ń wá: ẹ tún padà, ẹ tún jókòó.

Ọjọ́ 8 oṣù Kejì 2005 ni Google Maps jáde, èèyàn wá rí i pé òun lè fi máòsì di máàpù mú, kóun wọ́ ọ lọ síbi tó wu òun. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Lars àti Jens Rasmussen, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Ọsirélíà kí Google tó ra ilé iṣẹ́ wọn ní 2004. Oṣù tí máàpù náà jáde gan-an ni Jesse James Garrett sọ irú ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ní Ajax: kí ojú ìwé máa bèèrè ohun tó kù lábẹ́lẹ̀, láìtú ara rẹ̀ palẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ọdún yẹn ni ti Paul Rademacher. Iṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà fún fíìmù ló ń ṣe ní DreamWorks. Ó ń wá ilé tó máa rẹ́ǹtì, ó sì sú u láti máa ka àdírẹ́sì lórí Craigslist, ìkànnì ìpolówó kan, kó tún wá máa lọ wá a lórí máàpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ló bá tú kóòdù Google Maps yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, ó so méjèèjì pọ̀, ó pè é ní HousingMaps. Ẹnikẹ́ni ò fún un láṣẹ. Dípò kí Google lé e, wọ́n ṣílẹ̀kùn API, ìyẹn ọ̀nà tí kóòdù ẹlòmíràn lè gbà lo máàpù náà, sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n sì gba òun alára síṣẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni Greenland tóbi tó Áfíríkà?

Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí lórí ọ̀pọ̀ máàpù. Greenland, erékùṣù òtútù tó wà lápá àríwá ayé, ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.2 kìlómítà oníhà mẹ́rin lọ. Áfíríkà lé ní mílíọ̀nù 30. Bíi Greenland 14 ló máa wọ inú rẹ̀.

Gerardus Mercator ló ya irú máàpù yìí ní 1569, àwọn tó ń tukọ̀ lójú òkun ló sì yà á fún. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí wọ́n fa ìlà gbọọrọ kan láti èbúté dé èbúté, kí kọ́ńpáàsì sì máa tọ́ka síbì kan náà títí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Ọwọ́ wọn tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n fi dí i ni pé bí ilẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó, bẹ́ẹ̀ ló ń wú sí i lórí ìwé.

Kí ló wá kan ẹni tó ń wá ilé oògùn? Tí ẹ bá sún mọ́ àdúgbò kan, ìkòríta tó gún régé nílẹ̀ á gún régé lójú fóònù, àríwá á sì wà lókè nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá gé orí àti ìdí ayé dànù ní ìwọ̀n 85.05 sí ìlà agbedeméjì ayé, gbogbo ẹ̀ á di onígun mẹ́rin tó dọ́gba, tó rọrùn láti gé sí táìlì. Ìdí nìyẹn tí máàpù fi máa ń tán kí ẹ tó dé òkè pátápátá. Kò sẹ́ni tó gbé ohunkóhun pamọ́ síbẹ̀.

Láti 2018 ni Google Maps orí kọ̀ǹpútà ti ń di bọ́ọ̀lù tí ẹ bá sún sẹ́yìn dáadáa, èyí sì dáa. Fún wíwá ọ̀nà, mi ò rí ohun tó ṣe Mercator. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tó fi ya máàpù igbó tó kù láyé, tó fi àwọ̀ ewé kùn ún, tí ilẹ̀ òtútù wá kún gbogbo ojú ìwé bámúbámú. Onítọ̀hún ti tan òǹwòran kó tó kọ gbólóhùn kan. Mo máa ń rí irú ẹ̀ nínú ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn tó yẹ kó mọ̀ pàápàá.

Máàpù àtijọ́ kì í yí. Kí ló dé tí tòde òní fi ń yí tí mo bá fi ìka méjì yí i?

Torí pé àwòrán tó ti jinná ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Orúkọ ọ̀nà ti gan mọ́ ọn. Tí ẹ bá yí i po, orúkọ á dorí kodò. Ní báyìí, àkọsílẹ̀ ni fóònù ń gbà: ọ̀nà kan gba ibí, ó gba ọ̀hún, ọ̀nà ńlá ni, orúkọ rẹ̀ ni báyìí. Vector tile là ń pè é. Fóònù ló wá ń yà á fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì tún un yà bíi ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ bá ń yí i.

Inú géèmù ni agbára yẹn ti wá. Nítorí géèmù ni wọ́n ṣe náwó sórí GPU, ṣíìpù tí iṣẹ́ tó mọ̀ jù láyé ò ju kó kun onígun mẹ́ta lọ, kó sì kun ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Odò o, òrùlé o, etí òkun tó rí kọ́lọkọ̀lọ o, onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tú gbogbo wọn sí. WebGL tó jáde ní 2011 ló jẹ́ kí browser lè rán ṣíìpù yẹn níṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ lọ gbé nǹkan kan wọ kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Nínú àkọsílẹ̀, ìlà ò ní ìbú. Ojúàmì méjì ni, A àti B. A ò lè kun ohun tí kò ní ìbú. Ohun tá a máa ń ṣe ni pé a máa ti A sọ́tùn-ún díẹ̀, a máa tì í sósì díẹ̀, a máa ṣe B bẹ́ẹ̀ náà. Méjì ti di mẹ́rin, mẹ́rin ti di onígun mẹ́ta méjì, ọ̀nà ti ní ìbú. Ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà ni wàhálà wà: lápá inú, àwọn onígun mẹ́ta á gun ara wọn, lápá ìta, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀. Ẹ lọ wo kọ́nà tó bá mú lórí máàpù tí wọ́n fi ìkánjú ṣe, ẹ máa rí ẹnu tó là yẹn, tín-ín-rín, bí ààyè eyín tó yọ.

Síbẹ̀ orúkọ le ju ìlà lọ. Orúkọ méjì ò gbọ́dọ̀ gorí ara wọn. Orúkọ odò gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí odò ṣe tẹ̀, kó má sì dojú bolẹ̀. Ẹ bá yí máàpù báyìí, gbogbo wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í du àyè láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé orúkọ ìlú kan tí ẹ mọ̀ dáadáa ò sí lójú fóònù, tó jẹ́ pé abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ̀ ń rí, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Ó pàdánù àyè ni. Ẹ fìka sún un díẹ̀, á yọjú padà.

Ṣé sáàtẹ́láìtì ń wò mí bí mo ṣe dúró yìí?

Kò wò yín. Àwòrán òkè tí ẹ ń rí nínú máàpù lè ti pé ọdún kan tàbí mẹ́ta, púpọ̀ nínú èyí tó ń fi ilé hàn kedere kì í sì í ṣe sáàtẹ́láìtì ló yà á, ọkọ̀ òfuurufú ni. Aṣọ oníbátànì tí wọ́n rán pọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ìlú ńlá kan dáadáa, ẹ máa rí ojú ìránṣọ náà: òjìji ilé apá ibí wó sósì, ti apá ọ̀hún wó sókè, torí pé ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oòrùn méjèèjì.

Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya ayé láti 1972, wọ́n sì sọ àwòrán rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 2008. Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ó sì ń padà wo ibì kan náà lọ́jọ́ 5 síra. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Àmọ́ ibi tó ríran dé jù, píksẹ́lì kan jẹ́ mítà 10. Odindi mọ́tò ò kún píksẹ́lì kan, áńbọ̀sì orí èèyàn.

Ti àwọn sáàtẹ́láìtì GPS, èyí tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tó wà, tún yàtọ̀, torí pé wọn ò tiẹ̀ lójú rárá. Wọ́n wà lókè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 20,200 sí ilẹ̀, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ké iye tí aago wí àti ibi tí wọ́n wà. Fóònù ló ń gbọ́ wọn. Ó ń wo bí igbe kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà. Tó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibi tó wà. Àwọn ò mọ̀ pé ẹ wà láyé. Áàpù tí ẹ tẹ "Allow" fún ló mọ̀.

Kí ni òbìrìkìtì búlúù tó yí ojúàmì mi ká?

Iyèméjì fóònù ni. Láàárín ilé gogoro, igbe sáàtẹ́láìtì máa ń kọ́kọ́ gbá mọ́ ògiri kó tó dé, fóònù á wá rò pé ọ̀nà jìn ju bó ṣe jìn lọ. Ó kàn ń jẹ́wọ́ ni: "Ibì kan nínú èyí ni mo wà." Ì bá wù mí kí gbogbo nǹkan tó wà lórí máàpù ní òbìrìkìtì tirẹ̀.

Mo kó dátà mi sórí máàpù, ó bọ́ sínú òkun. Kí ni mo ṣe?

Ẹ káàbọ̀ sí Null Island. Erékùṣù tí kò sí ni. Ibi tí latitude (bí ibì kan ṣe lọ sí àríwá tàbí gúúsù tó) jẹ́ 0, tí longitude (bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó) náà jẹ́ 0, inú omi Gulf of Guinea ló bọ́ sí. Tí ibi tó yẹ kí ẹ kọ nọ́ńbà sí bá ṣófo, kọ̀ǹpútà á sọ òfo di 0, á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Èmi náà ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ rí. Mo kó ilé ìwòsàn bíi 300 sórí máàpù fún oníbàárà kan, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n fi hàn án. Mo ṣí i, kò sí nǹkan kan. Mo sún sẹ́yìn, kò sí. Mo tún sún sẹ́yìn títí gbogbo ayé fi yọ, mo wá rí ojúàmì pupa ẹyọ kan láàárín omi. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo 300 ló tò léra wọn lórí níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ mìíràn ló bọ́ sí, ẹ ti gbé longitude sípò latitude nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. GeoJSON, irú fáìlì kan tá a ń kọ dátà máàpù sí, ní kí longitude ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ latitude ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ń pè lẹ́nu. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo ṣì máa ń sọ ọ́ sókè kí n tó kọ ọ́.

Ṣé kí n gba ohun tí máàpù bá sọ gbọ́?

Ẹ gbà á gbọ́ bí ẹ ṣe ń gba ẹni tó júwe ọ̀nà fún yín gbọ́. Erékùṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Sandy Island, láàárín Ọsirélíà àti New Caledonia. Ó ti wà lórí Google Maps pàápàá rí. Ní 2012, ọkọ̀ ojú omi àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Ọsirélíà gba ojú ibẹ̀ kọjá. Omi ni wọ́n bá. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sórí ìwé láyé àtijọ́, ẹlòmíràn dà á kọ, ẹlòmíràn tún dà á kọ, ó wọ kọ̀ǹpútà.

Ìgbà mìíràn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1930, ilé iṣẹ́ máàpù kan ní Amẹ́ríkà dá ìlú kan sílẹ̀ lórí ìwé ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n pè é ní Agloe, kí wọ́n lè fi mú ẹni tó bá jí iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ tẹ ẹnì kan lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnì kan ti rí orúkọ náà lórí máàpù, ó sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ tó pè ní Agloe. Irọ́ ti di òótọ́.

Ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ò ju àfojúbù lọ: fóònù àwọn tó wà lójú ọ̀nà ni wọ́n ń kà. Ní 2020, ayàwòrán kan, Simon Weckert, kó fóònù àlòkù 99 sínú ọmọlanke, ó rọra ń fà á lọ láwọn títì tó dá páropáro ní Berlin. Google Maps kun àwọn títì náà pupa.

Ní ti ààlà orílẹ̀-èdè, ibi tí ẹ bá ti ṣí máàpù ló máa sọ èyí tí ẹ máa rí. Ẹni tó wo Kashmir láti Íńdíà àti ẹni tó wò ó láti ibòmíràn ò rí ìlà kan náà.

Ta ló ń ya àwọn máàpù ọ̀fẹ́?

Èmi àti ẹ̀yin. OpenStreetMap, tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ya ọ̀nà ilé rẹ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ sẹ̀ ní Haiti ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2010, díẹ̀ báyìí ló wà lórí máàpù Port-au-Prince. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé jókòó ti àwòrán sáàtẹ́láìtì, wọ́n ń fi máòsì tọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ títí àwọn adóòlà ẹ̀mí fi rí ohun tí wọ́n máa lò. Ẹ máa rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ sì lè tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó ní ẹgbàágbèje òṣìṣẹ́ lọ.

Tí mo bá fi fọ́tò síta, ṣé wọ́n lè mọ ibi tí mo ti yà á?

Wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà fóònù máa ń kọ latitude àti longitude sínú fáìlì tí ẹ bá gbà á láyè. Ọ̀pọ̀ ìkànnì bíi Facebook máa ń yọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e síta, àmọ́ tí ẹ bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ bó ṣe wà, gbogbo rẹ̀ á bá a lọ.

Pé orúkọ yín ò sí ńbẹ̀ kò ní kẹ́ má hàn. Ní 2017, Strava, áàpù àwọn tó ń sáré, gbé máàpù kan jáde tó ń tàn yòò níbi tí èèyàn bá ti sáré gan-an. Kò sórúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Oṣù Kìíní 2018 ni akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ọsirélíà kan rí i pé ìmọ́lẹ̀ róbótó-róbótó wà láàárín aṣálẹ̀ tó ṣókùnkùn biribiri. Bárékè ológun ni. Àwọn sójà ló ń sáré yípo ògiri láràárọ̀.

Irú fáìlì àwòrán wo ni kí n lò, JPEG tàbí PNG?

JPEG fún fọ́tò, PNG fún máàpù. JPEG máa ń da eruku sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ máa rí i.

Ìròyìn kan wà tí mo fẹ́ràn máàpù rẹ̀ láyé ìgbà kan. Mo ṣí i, àpótí òfìfo ni. Kí ló ṣe é?

Flash ni wọ́n fi ṣe é, irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń mú àwòrán mira nínú browser. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 ni Adobe pa iná Flash, àìmọye máàpù àti àwòrán tó ń mira tí àwọn oníròyìn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe sì bá a lọ. Iṣẹ́ tèmi méjì wà níbẹ̀. Ó dùn mí, torí ọ̀kan nínú wọn dáa. GIF tó ti wà láti 1987, tí gbogbo wa ń fojú tín-ín-rín, ṣì ń jó lójú fóònù títí dòní.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Leaflet, àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Vladimir Agafonkin, ọmọ Ukraine, ló gbé e jáde ní 2011. Ó kéré, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè fi kóòdù bíi ìlà 10 gbé máàpù àkọ́kọ́ yín dúró lónìí. Ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ bá WebGL.

Ìbéèrè òmùgọ̀ kan: ṣé ilé mi lè ṣí kúrò níbi tó wà lórí máàpù?

Kò gọ̀ rárá. Ilẹ̀ Ọsirélíà ń sún lọ sí àríwá ìlà-oòrùn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ́dún. Ní 1994, wọ́n de nọ́ńbà máàpù wọn mọ́ ilẹ̀ bó ṣe wà lọ́dún yẹn. Ilẹ̀ ń lọ, GPS sì ń sọ ibi tó dé gan-an. Nígbà tó fi máa di 2020, àárín méjèèjì ti tó mítà 1.8, wọ́n ní láti tún gbogbo nọ́ńbà orílẹ̀-èdè náà kọ. Ẹni tó ń fi fóònù wá ọ̀nà ò lè mọ̀, òbìrìkìtì búlúù rẹ̀ fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ẹ máa bi ni àgbẹ̀ tí katakata rẹ̀ ń dá wa ara rẹ̀ láàárín poro: mítà 1.8 tó láti gbé táyà gun orí ohun tó gbìn.